Abọ́ Tí Wọn Kò Ṣí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe lè yínmú síni láìjẹ́ pé imú mira, ẹ wo Ìyá Sẹ́ẹ̀lì nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Á dúró ti tábìlì rẹ̀, á káwọ́ mọ́yà, á máa wo ẹnu ọ̀gá bí ẹni tó ń wo omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn lọ. Tí ọ̀gá bá sọ tẹnu rẹ̀ tán, á ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ẹni tó bá létí á mọ̀ pé èébú ni "ẹ ṣeun" yẹn.

Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti wà nínú yàrá ìwádìí náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́jú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, nínú abọ́ ike pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Á fún wọn lóúnjẹ, á pààrọ̀ omi wọn, á kó wọn sínú àpótí olóoru kí òtútù má baà pa wọ́n. Ó mọ ìgbà tí ebi ń pa wọ́n, ó mọ ìgbà tí àyè há mọ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Sẹ́ẹ̀lì, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo ayé ń pe ọ̀gá rẹ̀. Nínú ikùn Ìyá Sẹ́ẹ̀lì, Ọ̀gá Fọ́tò ló ń jẹ́. Ọkùnrin náà kì í ya yàrá ìwádìí àfi tí ẹni tó máa ya àwòrán bá ti wà níbẹ̀. Aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ mọ́ tónítóní láti ọdún dé ọdún, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí a fi ń ṣiṣẹ́ kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí ó tó fọwọ́ kan abọ́ kan ṣoṣo, á kọ́kọ́ tún táì rẹ̀ ṣe. "Sẹ́ẹ̀lì kò mọ táì o," Ìyá Sẹ́ẹ̀lì á wí nínú ara rẹ̀, á sì pòṣé sínú ìbòmú rẹ̀.

Oòrùn ló sọ Ọ̀gá Fọ́tò di olókìkí. Ìtànṣán kan wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú kò rí. Òun ló ń jó awọ, òun ló ń ba inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ títí tí èyí tó bá ya pòkíì nínú wọn á fi di jẹjẹrẹ. Ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú ní ààbò díẹ̀. Àfín kò ní. Ọ̀gá Fọ́tò ní òun ti rí ojútùú rẹ̀. Ó ní họ́mọ̀nù kan wà, ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ tí ara máa ń rán sí ara, tó jẹ́ pé tó bá dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì awọ, á sọ fún un pé ewu ń bọ̀, kó gbára dì, kó sì máa tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe. Ó ní tí wọ́n bá po họ́mọ̀nù yìí mọ́ ìpara, tí àfín sì fi para, oòrùn kò ní lè fi í ṣe nǹkan kan.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì gan-an mọ̀ pé nǹkan wà nínú họ́mọ̀nù náà. Ohun tó ń bí i nínú ni pé ọ̀gá rẹ̀ ti ń jó kí ìlù tó dún. Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún dé egungun: àfín ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ilé iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀ ni àbúrò náà ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á jáde lọ wọn ilẹ̀, wọ́n á kó nọ́ńbà bọ̀ nínú ìwé, bàtà wọn á kún fún ẹrẹ̀. Òun á jókòó sí igun tí wọ́n fi kọ́tìnnì dúdú bo fèrèsé rẹ̀, á fi nọ́ńbà wọn ya ilẹ̀ tí kò tẹ̀ rí. Ó ti ya odò tí kò fẹsẹ̀ kàn. Ó ti ya òkè tó jẹ́ pé orí ìwé nìkan ló ti gùn ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ti gé egbò lára rẹ̀, ọ̀kan létí òsì, ìkejì lẹ́yìn ọrùn. Nígbà kejì, dókítà ní kó má jẹ̀ẹ́ kí òun tún rí ẹ̀kẹta, nítorí ẹ̀kẹta lè má ṣe é gé.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ipò olórí àwọn tó ń jáde ṣófo. Olórí awọnlẹ̀ pe àbúrò, ó ní, "Kò sí ẹni tó mọ̀wé wíwọ̀n tó ọ nílé iṣẹ́ yìí. Tí ara rẹ bá lè gba oòrùn, tìrẹ ni." Ọjọ́ Ajé kan lẹ́yìn oṣù méjì ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ní gbangba, láìsí igi, láìsí àtíbàbà. Ìyẹn ló gbé àbúrò dé ẹsẹ̀ Ọ̀gá Fọ́tò. Òun fúnra rẹ̀ ló na apá, tí wọ́n gé awọ tí kò tó èékánná ìka ọmọdé lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fún Ìyá Sẹ́ẹ̀lì kó fi gbin sẹ́ẹ̀lì. Ó gbìn wọ́n, wọ́n sì hù, wọ́n kún abọ́ mẹ́fà. Láràárọ̀, tó bá ṣí àpótí olóoru, á kí wọn. Àbúrò rẹ̀ ló ń kí.

Nígbà tí àyẹ̀wò máa wáyé, Ọ̀gá Fọ́tò pe àlejò. Ó ní òun fúnra òun ni òun máa ṣe é. Abọ́ mẹ́fà ni wọ́n tò: mẹ́ta ti mu họ́mọ̀nù láti ọjọ́ méjì ṣáájú, mẹ́ta kò mu nǹkan kan. Wọn á kó gbogbo wọn sínú àpótí iná tó ń tan irú ìtànṣán tí oòrùn ń tan, wọn á wo àwọn tó máa yè. Bí Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ṣe sún mọ́ tábìlì báyìí, ọ̀gá wò ó látòkè délẹ̀.

"Màdáámú, àga kò kárí àwọn àlejò. Ẹ bá wa wá àga kún un."

Ọdún méjìdínlógún. Ó lọ wá àga. Nígbà tó máa fi padà dé, iná ti kú, kámẹ́rà ti yà, ọ̀gá ti ń bọ ènìyàn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, èsì jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì tí kò mu họ́mọ̀nù, mọ́kànlá ló yè. Nínú ọgọ́rùn-ún tó mu ún, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló yè. Ọ̀gá Fọ́tò fò sókè bí ọmọdé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti dé orí rédíò, ó sì ti rọ ìpara sínú ìgò kékeré kan fún àbúrò, ó ní, "Ìwọ ni màá kọ́kọ́ fi han ayé."

Àbúrò fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yọ̀."

"Ta ló ní kí n bá ọ yọ̀? Ọ̀gá Fọ́tò? Ẹni tí kò mọ iwájú maikirosikóòpù yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀?"

Àbúrò ní ó dáa, ó sì pa fóònù. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ò mọ̀ pé òun ti fi ìdùnnú ọmọ ìyá òun nulẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀gàn ṣe oúnjẹ kì í mọ̀gbà tó yó.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ló rí i. Wọ́n ti sọ àwòrán ọjọ́ àyẹ̀wò di gàgàrà, wọ́n kàn án mọ́ ògiri ọ̀nà àbákọjá, Ọ̀gá Fọ́tò ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí àpótí iná, abọ́ mẹ́fà níwájú rẹ̀. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì dúró kó lè yínmú sí i dáadáa. Ibi tó ti ń wá ohun tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí àwọn abọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

Abọ́ mẹ́ta wà ní ṣíṣí. Mẹ́ta tó kù, tí wọ́n fi pẹ́ẹ̀nì pupa sàmì sí pé wọ́n ti mu họ́mọ̀nù, ìdérí ike wọn wà lórí wọn rekete.

Ẹsẹ̀ kan náà ló fi wọ yàrá ìwádìí. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán sábẹ́ iná. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ fò dé òkè. Ó mú ìdérí abọ́ kan, ó fi bo ojú ẹ̀rọ náà. Abẹ́rẹ́ sùn lọ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira mọ́. Ike yẹn mọ́ gaara lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n ìtànṣán tó ń jóni kò rí ọ̀nà gbà kọjá nínú rẹ̀. Kò sí họ́mọ̀nù kankan tó gba sẹ́ẹ̀lì là lọ́jọ́ yẹn. Ìdérí ló gbà wọ́n là, bí òrùlé ṣe ń gba ènìyàn lọ́wọ́ òjò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lo oṣù kan lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé a kì í fi iná sí abọ́ láìṣí i. Ọjọ́ kìíní ló ń kọ́ wọn. Ó bú sẹ́rìn-ín ní òun nìkan, ẹ̀rín gidi. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ìgbà tó rín in tán ló tó rántí àbúrò rẹ̀ àti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, tó máa jáde sínú oòrùn.

Ó bá ọ̀gá nínú ọ́fíìsì, ó sọ fún un. Ọ̀gá tẹ́tí sí i, orí rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màdáámú, họ́mọ̀nù yẹn wọ́n bí ojú. Ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣí i sílẹ̀ kí eruku àlejò rọ sínú rẹ̀ ni? Mo fi ọgbọ́n bò ó."

"Ẹ dí ọ̀nà mọ́ ìtànṣán náà pẹ̀lú, sà."

"Ike tó mọ́ gaara?" Ọ̀gá mú ìdérí kan lórí tábìlì, ó gbé e sójú, ó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ wo Ìyá Sẹ́ẹ̀lì. "Mo ń rí yín. Mo rí yín kedere. Ìmọ́lẹ̀ kọjá, àbí kò kọjá?"

"Èyí tí ojú rí ló kọjá, sà. Ìyẹn kọ́ ló ń jóni. Mo ti fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n."

"Ẹ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n." Ọ̀gá gbé ìdérí sílẹ̀. "Tẹ́lẹ̀ mo rò pé abọ́ lẹ máa ń fọ̀."

Bí ẹni pé kò tó bẹ́ẹ̀, ó fà á létí pé ìwé èsì ìwádìí náà ti lọ, rédíò ti gbé e, kò sí ẹni tó ń pe ẹyin padà sínú adìyẹ. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó jáde. Kò bínú rárá, ká má parọ́. Ara rẹ̀ yá gágá bí ara ẹni tí wọ́n fi ọ̀tá lé lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ti lọ sílé àbúrò. Àbúrò ti to ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà: bàtà tuntun, okùn ìwọ̀nlẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé méjì. Alápá péńpé! Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà, kò wọ alápá péńpé jáde rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àwòrán, ìdérí, ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó sì fi yẹ̀yẹ́ díẹ̀ sí i nípa táì, nítorí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu.

Àbúrò gbọ́ ọ tán. "Mo mọ̀ pé ẹ máa wá."

"Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ́ yíya ilẹ̀, ẹ ní iṣẹ́ ọmọdé tó ń fi ṣọ́ọ̀kì ba ògiri jẹ́ ni. Nígbà tí mo mú ìyàwó wálé, ẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Dókítà tó gé etí mi, ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ bí ọwọ́ alápatà. Ẹ dárúkọ ẹnì kan fún mi. Ẹnì kan péré. Ta ni ẹ gbà pé ó mọ nǹkan kan rí láyé yìí?"

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì wá orúkọ kan nínú ara rẹ̀, kò rí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ ná an bí owó, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn ọdún pípẹ́ ti sọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde di ayédèrú. Ẹ̀rù bà á wàyí. Ó rí ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà, ibi tí àpá wà, ó rí i lábẹ́ oòrùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú ìgò ìpara kan.

"Má gbà mí gbọ́," ó ní. "Wá fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é. Mo bẹ̀ ọ́."

Àbúrò gbójú sókè. Kò gbọ́ "mo bẹ̀ ọ́" lẹ́nu obìnrin yìí rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló wá. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà ju ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ní ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ó gbé abọ́ mẹ́fà mìíràn, tó gbìn láti ara sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó ṣẹ́kù, síwájú rẹ̀, mẹ́ta ti mu họ́mọ̀nù, mẹ́ta kò mu. Ó di ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n má baà sọ pé òun fọwọ́ kan nǹkan. Àbúrò ló da oúnjẹ inú wọn nù, tó fi omi tó mọ́ rọ́pò, tó ṣí ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó tò wọ́n sórí tábìlì ní ìlà tó gún bí ìlà tó ń fà nínú ìwé. Òun ló tan iná, òun ló ka ìṣẹ́jú, òun ló pa á. Lẹ́yìn náà wọ́n dá oúnjẹ wọn padà, wọ́n kó wọn sínú ooru, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí ìtànṣán bá bà kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó nílò ọjọ́ kan.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n tún pàdé. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì kán aró búlúù sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan.

"Èyí tó wà láàyè kì í gba aró," ó ní. "Á kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Òkú ló ń mu ún. Tó o bá rí búlúù, ó ti lọ."

Àbúrò tẹrí ba sórí maikirosikóòpù. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní sùúrù. Ó ń kà wọ́n láti igun dé igun, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò fo ìlà kankan. Ó ka abọ́ tí kò mu họ́mọ̀nù: méjìlá ló yè nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fa abọ́ tó mu họ́mọ̀nù súnmọ́. Ó kà á. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Mọ́kàndínlógún," ó ní.

"Wọ́n ní mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún lórí rédíò."

"Mọ́kàndínlógún pọ̀ ju méjìlá lọ."

"Díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ náà ni mo ń sọ." Ó ń wo inú ẹ̀rọ náà síbẹ̀. "Nǹkan wà nínú rẹ̀. Kò kàn tó ni."

"Kò tó o. Kò tó láti wọ alápá péńpé."

"Mo gbọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Màá pe olórí awọnlẹ̀ tí mo bá délé. Màá ní kó fún ẹlòmíràn."

Ó ti parí nìyẹn. Ọmọ náà ò ní lọ. Ọrùn rẹ̀ yè, etí rẹ̀ tó kù yè. Ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ṣùgbọ́n Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ti ń wo ìwé tí àbúrò kọ nọ́ńbà sí, méjìlá, mọ́kàndínlógún, ọkàn rẹ̀ sì ti fò dé yàrá tí gbogbo wọn ti ń ṣèpàdé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ń rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń rí ìwé náà tó ń ti orí tábìlì yọ̀ lọ bá Ọ̀gá Fọ́tò, ó ń rí ọwọ́ ọkùnrin náà tó ń wá táì kiri. Ó ti mú gbólóhùn tó máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu, ó ń yí i padà, adùn rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ń gbọ́."

Àbúrò ti gbórí sókè kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó yọ ìbòmú rẹ̀. "Awọ apá mi ló wà nínú àwọn abọ́ yìí, àbí?"

"Tìrẹ ni."

"Èmi nìyẹn, mo kú sílẹ̀ lọ rẹrẹ báyìí. Búlúù, búlúù."

"Àbúrò mi, sẹ́ẹ̀lì ni, a lè gbin òmíràn."

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín."

Kò sí ìbòmú lójú Ìyá Sẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó sì bá ẹ̀rín níbẹ̀ lóòótọ́, ó gbòòrò, eyín wà níta. Ó fẹ́ sọ pé kì í ṣe ìwọ ni mo ń rín, ẹ̀rín náà ò fàyè gbà á. Ó gbìyànjú láti pa ẹnu náà dé. Àbúrò rẹ̀ jókòó, ó ń wò ó títí ó fi pa á dé.